Bàbá Wólé-wólé àti Ẹja Ọlọ́dún Mẹ́tàlélógún

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa bàbá bàbá mi ni pé nǹkan máa ń rí wọn lára. Kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì. Eṣinṣin orí àkàrà ń rí wọn lára. Ẹni tó fi ọwọ́ nu imú ọmọ, tó tún fi ọwọ́ náà gbé ẹ̀kọ fún àlejò, ń rí wọn lára. Itọ́ tí àgbàlagbà ń tu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí, ife tí èèyàn mẹ́fà fi ń mu omi láìṣan án, gọ́tà tó ń rùn níwájú ilé ẹni tó wọ léèsì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń yínmú sí. Mo ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún báyìí, a sì ti sin Bàbá Àgbà ní Èrúwà lọ́dún yìí, síbẹ̀ tí mo bá ti dijú, imú wọn tó fún pọ̀ yẹn ni mo ń rí kí n tó rí ìyókù ojú wọn.

Bóyá iṣẹ́ wọn ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, bóyá bí wọ́n ṣe rí ló gbé wọn dé ìdí iṣẹ́ náà, n ò lè sọ. Wólé-wólé ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ láti Èrúwà dé Lánlátẹ̀, wọ́n ń dé Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Wọn a wọ agbo ilé, wọn a tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìkòkò omi láti wá tanwíjí, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń jó nínú omi kí wọ́n tó di ẹ̀fọn. Tí wọ́n bá rí i, wọn a da omi náà nù lójú onílé. Ìyá Àgbà sọ fún mi pé ní ọjọ́ kẹta tí àwọn dé ilé ọkọ, àwọn jí bá ọkọ àwọn níbi tó ti dojú tọ́ọ̀ṣì kọ ìkòkò tí àwọn gbé bọ̀ láti ilé. Àwọn bi í pé kí ló sọnù síbẹ̀. Bàbá Àgbà kò gbójú sókè.

“Ìyàwó ni mo fẹ́,” ni wọ́n wí, “mi ò fẹ́ tanwíjí mọ́ ọn.”

Ìgbà kan, mo tẹ̀lé wọn lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ayétẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì síwájú wa. Ebi ń pa mí, mo ti nawọ́ sí i. Bàbá gbé àwo tiwọn dé imú, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìgbà tí wọ́n máa padà, wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní omi tí àwọn obìnrin fi ń fọ àwo ti dúdú bí àdí, ewúrẹ́ sì ti mu nínú rẹ̀. Bàbá ọmọ tuntun sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Wólé, ọjọ́ ayọ̀ nìyí. Gbogbo èèyàn ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń sọ pé ó dùn.”

Bàbá mú mi lọ́wọ́ dìde. “Ẹnu a máa parọ́,” ni wọ́n wí. “Imú kì í parọ́.”

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló gbé ẹja wálé. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ti lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà àti Ìyá Àgbà ni mo sì ń gbé. Ilé ìtura kan wà lójú ọ̀nà Igbó-Ọrà. Ẹni tó kọ́ ọ ra àpótí dígí ńlá kan sí gbọ̀ngán, ó da ẹja pupa méjìlá sínú rẹ̀, irú èyí tó ń dán bí ọsàn tó pọ́n, tí èèyàn kì í jẹ, tí wọ́n kàn ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ ìṣílé, kò sẹ́ni tó tún bojú wò ó. Ní oṣù kẹta tí Bàbá lọ ṣàyẹ̀wò, omi náà ti ki bí ọbẹ̀ ìlasa. Òkú ẹja mẹ́ta léfòó, àwọn yòókù ti jẹrà sísàlẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣì ń mí, ó gbé ẹnu lé ojú omi, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. Bàbá jáde síta, wọ́n bì. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń yẹ ṣáláńgá wò, wọn ò bì rí.

Onílé ìtura ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá Wólé, ẹja ọ̀ṣọ́ kì í pẹ́ láyé. Tó bá ti lo oṣù mẹ́ta, ó ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí ìkan tó kù yìí kú, a ó ra òmíràn.”

“Gbé e jáde níbí lónìí.”

“Ta ló fẹ́ fọwọ́ kan irú ẹ̀gbin yìí? Tó bá wù yín, ẹ máa gbé e lọ.”

Wọ́n gbé e lóòótọ́. Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ ló bá wọn gbé àpótí dígí náà dé ilé, ẹja wà nínú garawa láàárín ẹsẹ̀ wọn. Ìyá Àgbà yọjú wo inú garawa, wọ́n ní èyí kò tó jẹ ẹ̀bà. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

“Mọ́kànlá kú sínú ìgbẹ́,” ni wọ́n wí, “ọ̀bùn náà wá ń sọ pé wọn kì í pẹ́ láyé.”

Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó ń ka èyí pé Bàbá Àgbà kò fẹ́ràn ẹja náà. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ìfẹ́ ni. Òórùn ẹja ń rí wọn lára, wọn kì í tilẹ̀ jẹ ẹ́. Wọn kò sọ ọ́ lórúkọ. Ayálégbé ni wọ́n ń pè é, ohùn tí wọ́n sì fi ń pè é ni onílé fi ń pe ayálégbé tí kò mọ ilé gbá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, wọn a fi ọ̀pá rọ́bà fa ìdajì omi jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀, wọn a da omi mìíràn sí i, omi ẹ̀rọ tó ti dúró nínú garawa láti àná kí oògùn inú rẹ̀ lè ti lọ. Oúnjẹ rẹ̀ kò ju ohun tí ìka méjì lè mú lọ: ẹ̀wà sísè tí a bó, tàbí tanwíjí. Tanwíjí tí wọ́n ti bá jà láti ìgbà èwe ni wọ́n wá ń fi ife bù káàkiri àdúgbò, wọ́n á sì máa bú onílé bí wọ́n ṣe ń bù ú.

Ní ọdún kẹta, wọ́n bi tíṣà báyọ́lọ́jì kan ní Igbó-Ọrà léèrè. Tíṣà náà ní irú ẹja yẹn lè lo ogún ọdún, kó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí omi rẹ̀ bá mọ́ tí àyè rẹ̀ sì fẹ̀. Ó ní ìdọ̀tí àti àjẹjù ló ń pa wọ́n nílé àwọn èèyàn. Bàbá dé bí ẹni tó jàre ní kóòtù. Wọn kò tíì bọ́ fìlà tí wọ́n ti ń ké sí Ìyá Àgbà.

“Ogún ọdún! Ìyá Làsísì, ogún ọdún ni Ọlọ́run fún un. Ọ̀bùn ló ń gé e kúrú.”

Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n fọ ara dígí náà. Nǹkan àwọ̀ ewé kan máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń yọ̀, ó ń rùn, ó sì máa ń há sí abẹ́ èékánná mi. Mo kórìíra rẹ̀. Tí mo bá jẹun lẹ́yìn rẹ̀, ó dà bí ẹni pé mo ń jẹ omi ẹja. Lọ́jọ́ kan, mo ju kànrìnkàn sílẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ó ń rí mi lára.” Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Kàkà bẹ́ẹ̀, inú wọn dùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú kànrìnkàn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ padà.

“Ó dáa bó ṣe ń rí ọ lára. Ohun tó bá rí èèyàn lára ni í fọ̀. Ẹni tí nǹkan kì í rí lára ló ń gbé inú ẹ̀gbin.”

Ẹja náà pé ọdún márùn-ún, ó pé méje, ó ti tó àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin. Ní ọdún kẹsàn-án, èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí kò kú? Kí ni bàbá arúgbó ń fi ẹja tí kò fẹ́ jẹ ṣe? Ọdún yẹn náà ni ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà wú, tí egbò kan yọ sí àtàǹpàkò wọn tí kò jiná.

Àkọ́bí Bàbá ni Làsísì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí à ń pè ní Bàbá Rúkà. Ẹ má bínú bí mo ṣe ń pè é ní “ó”. Àgbà ni, ṣùgbọ́n mo ti wá ọ̀wọ̀ tí mo fẹ́ fi pè é ní “wọ́n” tì. Ó kó àwọn ẹbí jọ sí pálọ̀ wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ó ní òun ti dé ọ̀dọ̀ àfáà kan, àfáà sì sọ pé ohun kan wà nínú ilé wa tí kì í kú, òun ló ń jẹ ẹ̀mí ìyá àwọn. Gbogbo wọn yíjú sí àpótí dígí.

“Bàbá, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀,” ni Bàbá Rúkà wí. “Ẹ jẹ́ ká pa á, ká sè é fún Màmá. Ẹ̀mí tó ti gbà lọ́wọ́ wọn á padà sí wọn lára.”

Bàbá Àgbà wò wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì rí bí imú Bàbá ṣe fún pọ̀.

“Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe ìyá yín. Ó ti lé lọ́dún méjì tí dókítà ti sọ ọ́. Èwo nínú yín ló ti bá wọn dé ọsibítù rí?”

Wọ́n na ìka sí Bàbá Rúkà.

“Ìwọ, Làsísì, ta ló ń gbé páálí mínírà wá fún wọn ní gbogbo ìgbà tó bá wá kí wọn? Egbò ìyá rẹ ń rùn, o ò lè jókòó tì í, ẹja ni o wá pa.”

“Bàbá, ẹja kì í pẹ́ tó báyìí! Gbogbo ayé ló mọ̀!”

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ láti yàrá. A ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́. “Ẹ fi ẹja ẹlẹ́ja sílẹ̀. Mo ti bá a gbé ju bí mo ṣe bá ìyàwó yín kankan gbé lọ. Mi ò jẹ ẹ́.”

Bàbá Àgbà dìde, wọ́n lọ dúró síwájú dígí náà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n kọjú sí àwọn ọmọ wọn.

“Ẹ fẹ́ pa á nítorí pé ó pẹ́ láyé,” ni wọ́n wí. “Èmi náà ti lé ní ọgọ́ta. Ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀ wá pa mí?”

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà kú. Bàbá ló wẹ egbò yẹn láràárọ̀ títí dé òpin, pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, láìyínmú. Níbi tí a ti sin wọ́n, Bàbá Rúkà gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn pé, “Bàbá, ẹja lẹ yàn.” Kò wọ ilé wa mọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá.

Mo fẹ́ fo apá tó kàn yìí, ṣùgbọ́n Bàbá kò ní fò ó. Èmi náà gbà á gbọ́. Mo fẹ́ràn Ìyá Àgbà, wọ́n ti lọ, ẹja sì ń lúwẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí Bàbá lọ kírun, mo bu ife kan nínú ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, mo dà á sínú omi náà. Ó hó. Ẹja náà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ibẹ̀ ni Bàbá bá mi.

Wọn ò pariwo. Wọ́n wò mí, ojú tí wọ́n fi ń wo gọ́tà ni. Títí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ìyà tí wọ́n fi jẹ mí rí tó dùn mí tó ìwò yẹn. Wọ́n ká ọwọ́ agbádá, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé ẹja náà, àwọn tí òórùn ẹja ń rí lára, wọ́n gbé e sínú garawa. Wọ́n pààrọ̀ omi garawa náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀márùn-ún, wọ́n ń fi ọwọ́ tì í rìn nínú omi bí ẹni ń kọ́ ọmọ nírìn, títí wọ́n fi pe ìrun Alásàrí. Ó yè é. Ojú rẹ̀ kan funfun láti ọjọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀ síbi omi tó dà sílẹ̀, mo ń sunkún, mo ní kí wọ́n nà mí, kí wọ́n lé mi jáde, kí wọ́n ṣáà wí nǹkan kan.

“Lọ fọ ọwọ́ rẹ,” ni wọ́n wí.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fi pípààrọ̀ omi náà lé mi lọ́wọ́ pátápátá, títí mo fi kúrò nílé. Wọn kò dúró tì mí. Wọn kò ka iye ọṣẹ tó wà nínú ilé.

Nígbà tó pé ogún ọdún, àwọn èèyàn tí kì í kí Bàbá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó, wọ́n ń fi fóònù yà á. Ọkùnrin kan tiẹ̀ ti Tápà wá. Ó kúnlẹ̀, ó sì rọra bèèrè irú àgúnmu tí wọ́n ń lò fún ẹja náà, kí òun náà lè rí i lò kí ẹ̀mí òun gùn. Bàbá wọlé, wọ́n gbé garawa, ọ̀pá rọ́bà àti kànrìnkàn jáde, wọ́n kó o síwájú ọkùnrin náà. Ó wò ó, kò yé e. “Bàbá, ẹ ò tíì fún mi ní àgúnmu náà.”

“Òun nìyí,” ni Bàbá wí. “Tó bá ṣòro fún ọ, máa lọ kú ní tìrẹ.”

Bàbá Àgbà kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, lórí ìjókòó wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun tán. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe tíṣà, ìrọ́lẹ́ ọjọ́ náà ni mo dé, a sì sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Kí n tó padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì, nítorí ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo pààrọ̀ omi. Mo kọ ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FÚN UN NÍ OÚNJẸ. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá Bàbá, tí wọ́n ti gbé àpótí dígí náà sí láti ọjọ́ pípẹ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé Bàbá Rúkà lọ́wọ́, òun tó ti padà wọlé wá gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí. Mo ṣàlàyé fún un pé ebi ọ̀sẹ̀ kan kò lè pa ẹja náà, ìdọ̀tí ló lè pa á. Ó ní kí n máa lọ, òun ti gbọ́. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, mo lọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò sì ní fi pamọ́.

Ọjọ́ kẹjọ ni fìdáù. Mo dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Wọ́n ti ṣí yàrá náà, wọ́n fi ń kó páálí mínírà pa mọ́, wọ́n to abọ́ ìrẹsì sórí ìdérí àpótí dígí. Omi náà ti funfun bí omi ògì. Ìrẹsì wà nínú rẹ̀. Egungun adìẹ wà nínú rẹ̀, àti ewé mọ́ínmọ́ín, àti mínírà aláwọ̀ ọsàn tí ẹnìkan dà sí i, wọ́n ní kí ẹja náà bá wọn jẹ sàráà bàbá rẹ̀. Ìwé tí mo kọ ti já, ó léfòó láàárín ọ̀rá ọbẹ̀. Ẹja náà wà lábẹ́ ìwé náà, ó ti wú, awọ rẹ̀ ń bó. Òórùn yẹn ń bẹ nínú imú mi di òní.

Mo ń gbọ́ ohùn Bàbá Rúkà lóde. Ó di gbohùngbohùn mú.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ Ọlọ́run nìyí! Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi jọ gbé. Ẹ̀mí wọn so pọ̀! Ẹja náà kò lè fara dà á, ó bá bàbá mi lọ!”

“Súbúhànálláhì!” ni àwọn èèyàn ń wí. Obìnrin kan ń sunkún. Àwọn kan nawọ́ fóònù sókè, wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó ti dé Ìgàngàn báyìí.

Mo wá abọ́ tánganran funfun kan. Mo bu omi náà kún un, mo bu ìrẹsì, egungun àti ewé inú rẹ̀ mọ́ ọn, mo gbé òkú ẹja náà lé e lórí. Mo gbé e jáde. Bàbá Rúkà ti jókòó sídìí oúnjẹ nígbà náà, àwọn àgbà ẹbí yí i ká, ọ̀rá ti kún ọwọ́ wọn. Mo gbé abọ́ náà ka orí tábìlì, sí àárín àwo wọn.

“Ohun tó pa á nìyí,” ni mo wí. “Ẹ wò ó.”

Wọ́n fà sẹ́yìn. Ẹnìkan di ẹnu mú, ó sáré kúrò. Bàbá Rúkà gbé àwo ẹran rẹ̀ sókè kí omi náà má baà ta sí i.

“Gbé e kúrò ńbí! Ṣé o ò rí i pé à ń jẹun ni?”

N ò gbé e. Mo fa àga kan, mo jókòó tì í, mo sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.